Àtíbàbà Òpópó Cedaceros

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ojú Eufrasio yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kàn sọ pé oòrùn òpópó Cedaceros ti le jù. Á wolẹ̀, á fọwọ́ nu ẹnu, á ní òun níbi tóun ń lọ. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tá a dàgbà sí Sevilla nílẹ̀ Sípéènì mọ ohun tó fà á, a kàn kì í sọ ọ́ lójú ẹ̀ ni.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni báyìí. Ó ga, ó tín-ín-rín, èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì fi díẹ̀ ga ju tòsì lọ nítorí okùn tó ti ń fà láti kékeré. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni títa àtíbàbà. Ẹ má rò pé èyí tí wọ́n ń ta síbi ìnáwó ni mò ń wí o. Odindi òpópó ni wọ́n ń bò. Kánfáàsì gígùn-gígùn ni, wọ́n á so ó mọ́ òrùka irin lára ògiri àwọn ilé tó kọjú síra, lókè téńté, kí oòrùn má ríbi tẹ̀ sí lórí òkúta ìsàlẹ̀. Baldomero bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Baldomero yẹn kì í fẹnu kọ́ èèyàn. Tó o bá so okùn tí kò dáa, á tú u, á so ó fúnra ẹ̀ kó o rí i, á sì tún tú u kí ìwọ náà lè so ó. Kò ní bínú, kò ní rẹ́rìn-ín, kò sì ní jẹ́ kó o lọ jẹun títí okùn yẹn á fi rí bó ṣe yẹ.

Háà, ìgbà yẹn dùn! Lọ́jọ́ tí àtíbàbà bá máa gòkè nínú oṣù Karùn-ún, ta ni yóò gbélé ní Cedaceros? Àwọn obìnrin á yọjú lójú fèrèsé òkè, wọ́n á máa pàṣẹ fún Baldomero bí ẹni pé àwọn ló bí i.

"Baldomero, fa tọ̀dọ̀ mi síwájú díẹ̀! Àbí ìwọ lo fẹ́ kí n dúdú bí ìkòkò?"

"Tí mo bá fà á dé ọ̀dọ̀ yín, kí lẹ máa fún mi jẹ?"

"Ìgbín wà lórí iná. Ṣùgbọ́n fà á ná kó o tó bèèrè!"

Gbogbo òpópó á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé á nà gbalaja sórí òkúta, wọ́n á máa wo bí kánfáàsì ṣe ń gbá afẹ́fẹ́ lókè. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá á gbé garawa jáde, wọ́n á wọ́n omi sílẹ̀ níwájú ilé, òórùn òkúta tútù á gbòde, atẹ́gùn kékeré kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà odò. Àga á jáde. Gbogbo èèyàn á jókòó síta, wọ́n á máa mu gazpacho, ọbẹ̀ tòmátò tútù, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ara wọn láìdáa, wọ́n á sì tún máa fún ara wọn ní búrẹ́dì. Visitación, ẹ̀gbọ́n Eufrasio obìnrin, ló máa ń fi òwú tí wọ́n fi ìda pa rán etí kánfáàsì. Ó máa ń kọrin tó bá ń ránṣọ, orin náà ò sì dùn rárá. Tí wọ́n bá sọ fún un, á tún gbé ohùn sókè.

Ọdún tí Eufrasio pé méjìlélógún ni nǹkan yí padà. Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ pẹ́ kó tó dé lọ́dún náà, ooru sì ti tètè wọlé. Àwọn obìnrin bá lọ bẹ Baldomero pé kó jọ̀ọ́, kó ta àtíbàbà kó tó di àsìkò ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwọ́de Ìyá Màríà gba Cedaceros kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Ère Ìyá wa máa ń wà lórí pẹpẹ ńlá, abẹ́là rẹpẹtẹ níwájú rẹ̀, ìbòrí aláràn-án lórí ọ̀pá fàdákà méjìlá, ọkùnrin márùndínlógójì lábẹ́ tí wọ́n ń rù ú. Ìbòrí yẹn ga ju ibi tí wọ́n ń ta àtíbàbà sí lọ. Baldomero ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Kánfáàsì tòun ń rìn lórí okùn bíi kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà ni. Tí Ìyá wa bá dé, àwọn á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá kọjá, àwọn á dá a padà.

Eufrasio ni wọ́n fún ní okùn tó gbẹ̀yìn, ní kọ̀rọ̀ òpópó. Gbogbo èyí tó ṣíwájú ṣí bó ṣe yẹ. Tiẹ̀ náà ṣí. Ó di okùn mú ṣinṣin kí kánfáàsì má bàa sáré padà, Ìyá wa ń bọ̀, fèrè ń dún, ìyá àgbàlagbà kan ń kọrin ẹkún láti ojú fèrèsé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ní ìlú tiwa, ọkùnrin kì í dé fìlà tí Ìyá Màríà bá ń kọjá. Látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ti ń gbá a lórí tó bá gbàgbé. Ìyá wa dé iwájú rẹ̀ báyìí, ọwọ́ Eufrasio sì gbéra fúnra ẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ṣe àmì àgbélébùú. Ọwọ́ tó di okùn mú ni.

Kánfáàsì ya bo ìbòrí. Iná abẹ́là ràn mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, Don Lisardo, tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà yẹn tó sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ère náà, ti gun pẹpẹ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lásán pa iná. Ẹ̀wù Ìyá wa jó níbì kan, kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá làwọn obìnrin àdúgbò fi òwú wúrà ṣe ọnà sára ẹ̀wù yẹn. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ìlú tó ń sunkún!

Níbẹ̀ gan-an ni Don Lisardo ti sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń bó: "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, àtíbàbà ò gbọdọ̀ gòkè ní òpópó yìí mọ́."

Baldomero kó gbogbo kánfáàsì sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kò bá Eufrasio wí. Kò sọ nǹkan kan sí i rárá nípa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú, ìyẹn ló sì dun ọmọ náà jù. Ó ṣì ń bá iṣẹ́ lọ, ó ń ta àtíbàbà sáwọn òpópó ọlọ́jà, ó gbéyàwó, ìyàwó kú, ó lọ ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ìlú. Ṣùgbọ́n ní òpópó tí wọ́n bí i sí, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń gbé, kò fọwọ́ kan ìṣó kan. Tó bá wá kí Visitación, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń gbà.

Oòrùn sì ń le sí i lọ́dọọdún. Àwọn tó lówó ra ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ náà tu inú ilé wọn lára, ó sì ń tu ooru sílẹ̀ sórí ẹni tó ń kọjá lóde. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àga wọlé, kò jáde mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kó lọ. Ní ọ̀sán oṣù Keje, o lè rin Cedaceros já láìrí ju ológbò kan lọ, ológbò náà á sì máa wò ọ́ bíi pé orí ẹ ò pé.

Oṣù Keje tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wá dé orí ẹ̀mí. Visitación, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ṣubú sílé ìdáná lọ́jọ́ tí ooru dé ìwọ̀n mẹ́rìndínláàdọ́ta lórí òṣùwọ̀n Celsius. Estrella, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé ní Huelva létí òkun, ló pè é lórí fóònù títí tí kò gbé e, tó fi wakọ̀ wá. Ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ara rẹ̀ gbóná janjan, ó ń pe Estrella ní orúkọ ìyá tó bí Visitación fúnra ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ọsibítù.

"Màmá, mo ti sọ tèmi," ni Estrella wí nígbà tí wọ́n délé. "Ẹ ò ní lo ìgbà ooru míì ní òpópó yìí. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ nílé àwọn arúgbó tó wà nítòsí mi. Yàrá wà."

"Ìwọ lọ gbé ibẹ̀ tó bá wù ọ́. Kí n wá máa bá àwọn tí mi ò mọ̀ rí jẹ ọbẹ̀ tí ò níyọ̀?"

"Ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ sàn ju ikú lọ!"

"Òpópó yìí ni wọ́n bí mi sí, Estrella."

"Ẹ jẹ́ kí òpópó náà tutù kó tó di oṣù Kẹfà, mi ò ní yọ yín lẹ́nu. Tí ò bá tutù, ẹ̀ ń bá mi lọ." Ó ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ọmọ náà ò burú, ẹ̀rù ló ń bà á.

Nínú oṣù Kejì, káńsù pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Injiníà obìnrin kan fi àwòrán ìlú hàn wá lára ògiri, àwọn òpópó tí ooru ń pa jù ni wọ́n fi pupa kùn. Cedaceros pọ́n bíi tòmátò. Ó ní àwọn fẹ́ fi irin àti pákó ṣe ìbòrí tí kò ṣeé ká sórí òpópó náà, èyí tí yóò wà níbẹ̀ tọ̀jò tẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ẹgbẹ́ Ìyá Màríà fò dìde pé irọ́ ni, níbo ni ìbòrí Ìyá wa yóò gbà kọjá? Ariwo ta. Injiníà ní tí àdúgbò ò bá fẹnu kò, òpópó míì ni owó náà ń lọ, ó sì di ẹ̀yìn ọ̀la.

Visitación bá fi ọ̀pá ìtilẹ̀ gbá ilẹ̀. "Àbúrò mi lè ta èyí tó ṣeé ká."

Eufrasio, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, rò ó pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Don Lisardo. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún ni báyìí, òun náà ṣì wà ní Cedaceros, ilé kẹsàn-án, òun nìkan látìgbà tí Doña Consolación ìyàwó rẹ̀ ti kú.

"Eufrasio," ni bàbá náà wí, láìbojú wẹ̀yìn.

"Don Lisardo, mo wà níbí."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, sà."

"Ọwọ́ ẹ ṣì lágbára?"

Visitación dá sí i: "Ó lágbára ju tiyín lọ! Ẹ̀yin tó jẹ́ pé síbí ń bọ́ lọ́wọ́ yín!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Don Lisardo ò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Kó ta á. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Ìyá wa ń kọjá. Tó bá kọjá láìséwu, kí àtíbàbà wà títí ooru á fi lọ. Tí òwú kan bá fi lè kan ọ̀pá ìbòrí yẹn, alẹ́ ọjọ́ náà ló ń sọ̀ kalẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ilé Visitación ṣe wá so rọ̀ sórí okùn kan ṣoṣo, okùn Eufrasio.

Kò sí ohun tí kò ṣe. Ó ń fi òòlù kékeré lu ògiri kiri, ó ń wá òrùka irin bàbá rẹ̀ lábẹ́ ẹfun tí wọ́n ti ń kùn lé ara wọn láti àádọ́ta ọdún. Mẹ́rìnlélógún ló yẹ kó wà. Ó rí méjìlélógún, ó fi ọwọ́ pa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó wà lórí àkàbà lójú gbogbo ayé, ó ń sunkún bí ọmọdé. Visitación rán etí kánfáàsì tòun ti ọwọ́ tó ti ká kò, ó sì ń kọ orin burúkú rẹ̀. Ní ti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́sí, Eufrasio so àtíbàbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ mọ́ okùn kan ṣoṣo, ó kan irin mọ́ ògiri tó lè wé okùn mọ́ nígbà mẹ́ta, kó má bàa jẹ́ ọwọ́ nìkan ni okùn gbára lé. Fìlà ńkọ́? Ó fún onípàǹtí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà dé. Oṣù Kẹrin ni a wà o, àmọ́ ooru ti dé ìwọ̀n méjìdínlógójì! Estrella ti wá láti àárọ̀. Ó ti di aṣọ ìyá rẹ̀ sínú àpótí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìwé ilé àwọn arúgbó wà lórí rẹ̀, ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i. Visitación jókòó síwájú ilé lábẹ́ àtíbàbà, kò wo àpótí náà lẹ́ẹ̀kan.

Ìwọ́de ti wà lójú oòrùn gbàgede fún wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ní kọ̀rọ̀, àánú wọn ṣe wá. Àwọn abẹ́là gíga ti rọ̀ nítorí ooru, wọ́n tẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n ti gbé méjì nínú àwọn tó ń ru Ìyá wa lọ nítorí òòyì. Don Lisardo ló ṣíwájú, kóòtù dúdú lọ́rùn, ọ̀pá fàdákà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ funfun bí ògiri. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ kó wọ mọ́tò, ó kọ̀.

Eufrasio di okùn mú. Don Lisardo wọ abẹ́ àtíbàbà àkọ́kọ́, ó sì dúró. Pẹpẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Eufrasio bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn kúrò lára irin.

Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè. "Dúró."

Eufrasio tún wé okùn mọ́ irin. Ó rò pé ó ti parí nìyẹn, pé bàbá náà ti rí àṣìṣe kan tí òun ò rí.

"Má tíì ká a," ni Don Lisardo wí. Ó yíjú sí ẹni tó ń darí àwọn tó ń ru pẹpẹ. "Ẹ sọ Ìyá wa kalẹ̀ níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ yẹn jáde wá sábẹ́ ibí. Kí wọ́n sinmi."

A ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n gbé pẹpẹ kalẹ̀ lójú oòrùn, àwọn ọkùnrin yẹn sì rá jáde lábẹ́ rẹ̀, aṣọ wọn tutù bíi pé odò ni wọ́n ti jáde, wọ́n wá nà sórí òkúta Cedaceros lábẹ́ ibòòji. Ilẹ̀kùn tí ò ṣí rí ṣí. Àwọn obìnrin gbé omi jáde, wọ́n gbé ọsàn jáde, ẹnì kan ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Visitación dìde, ó ti àga tirẹ̀ sọ́dọ̀ Don Lisardo.

"Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ tó ṣubú lé wa lórí."

Ó jókòó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Eufrasio ló wò.

"Oṣù Kẹjọ ni Consolación kú," ó ní. "Nínú ilé kẹsàn-án yẹn. Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Irọ́ ni, ooru ni. Ọ̀sẹ̀ kan kó tó kú ló sọ fún mi pé, 'Lisardo, bá Eufrasio sọ̀rọ̀, kó wá ta àtíbàbà wa padà.' Mo ní mi ò bá a sọ̀rọ̀."

Eufrasio yíjú sí i. "Don Lisardo, èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Okùn bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Okùn bọ́ lọ́wọ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan," ni bàbá náà wí. "Èmi ni mo fi ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta di oòrùn mú lé wa lórí."

Ẹkún gba ojú bàbá náà, kò nù ún. Visitación dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin yẹn ti mumi tán, wọ́n padà sábẹ́ pẹpẹ, Ìyá wa gbéra. Eufrasio fa okùn, àtíbàbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń dún ṣàà bí wọ́n ṣe ń lọ, ìbòrí aláràn-án sì gba àárín kọjá láìkan nǹkan kan. Oòrùn ya wọlé. Fèrè ń lọ, èrò ń tẹ̀ lé e. Don Lisardo ló yẹ kó ṣíwájú, ṣùgbọ́n ó dúró sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà Visitación níbi tí oòrùn ti ń gun àtẹ̀gùn.

"Eufrasio! Kí lò ń wò? Fà á padà jàre, oòrùn ti ń wọlé Visitación!" ni bàbá náà kígbe.

Eufrasio fà á. Ibòòji padà sórí òpópó. Estrella gbé ìwé tó wà lórí àpótí, ó ká a sí méjì, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ìyá rẹ̀ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.